Tánsíọ̀n màmá wa kọ̀ kò wálẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ni àbí àròkàn?

Àkọ́bíKétu (Kétu, orílẹ̀-èdè Benin), ọjọ́ Àìkú, aago 9 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó gbà mí nímọ̀ràn.

Màmá wa ti pé ọmọ ọdún 61. Ó ti tó ọdún 3 tí wọ́n ti sọ fún un ní ilé ìwòsàn àdúgbò pé ó ní tánsíọ̀n. Wọ́n fún un ní òògùn, ó ń lò ó, ó sì wálẹ̀ sí 13 lórí 8. À ń dúpẹ́. Ìgbà tó di ọdún tó kọjá ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. 16. 17. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 18 lórí 11. Wọ́n ti pààrọ̀ òògùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, ó dín in kù. Màgí gan-an, ó ti yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ilé wa ti wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ewébẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún nọ́ọ̀sì nìyí, torí kò bi wá. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Gabon. Ó ti lé ní oṣù 9 tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni màmá wa kì í ti í sùn. Fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó fi rọ́bà dì, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé. Tó bá di aago 2 òru, màá rí i tí iná rẹ̀ á tàn, á kú, á tún tàn. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n wá yá ọ̀já àti ìró lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó ní kí wọ́n lọ bá ẹlòmíràn. Ẹni tó jẹ́ pé lóru Ẹ̀fẹ̀, òun ni ń gbe orin títí ilẹ̀ fi ń mọ́!

Ṣé ìrònú lè gbé tánsíọ̀n sókè tóyẹn, kí òògùn má sì ràn án? Àbí èmi ni mò ń rò ó jù?

Èkó_mo_wà (Èkó)

18 lórí 11 kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un wò o. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ 18, ó ti lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Plateau (ẹ̀bá Pobè)

Ará Èkó, fọkàn balẹ̀. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Faransé, sẹ̀ǹtímítà la fi ń kà á, mílímítà ni tiyín. 18 lórí 11 tiwa ni 180 lórí 110 tiyín. 14 lórí 9 la ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ni 140 lórí 90 tí ẹ̀yin mọ̀. Ìyá náà wà láyé, ṣùgbọ́n 18 kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Àkọ́bíKétu, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ: èmi náà kì í sábà bi wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bẹ́ǹṣì á ti kún kí n tó bọ́ bàtà. Aboyún wà níbẹ̀, ọmọ tí ibà ń ṣe wà níbẹ̀. Màá so nǹkan mọ́ màmá kan lápá, màá ka nọ́ḿbà, màá kọ ọ́ sínú káàdì, ó di ẹnìkejì. Nọ́ḿbà ni mo rí, n kò rí ìyá.

Èsì ìbéèrè rẹ nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìrònú lè gbé e sókè. Ọ̀nà tó ń gbà gbé e ló pé méjì.

Rántí bí àyà ṣe máa ń lù bí ajá bá ṣàdédé gbó síni láti ẹ̀yìn lóru. Omi ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline ló tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ á ru, kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Bí ajá bá ti kọjá, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ìyá tó ń tẹ fóònù ní aago 2 òru, ajá tirẹ̀ kò kọjá. Cortisol náà tún wà níbẹ̀, èyí tó máa ń pẹ́ nínú ara: ó ń dá iyọ̀ dúró, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Àìsùn náà ń bá tiẹ̀ bọ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí o lọ wò fúnra rẹ kí n tó sọ ọ́. Lọ ka òògùn tó kù nínú páálí. Má bi í. Kà á.

Bàbá_Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọmọdé òní, gbogbo nǹkan lẹ ti sọ di àìsàn. Ìyá tí kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ fún oṣù 9, ṣé kó máa jó ni? Bí kò bá ronú ni ká ṣàníyàn. Àwọn ìyá wa náà sin ọmọ, wọ́n sin ọkọ, owó wọn rì sódò, kò sẹ́ni tó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà orí. Ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ìbànújẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ má lọ fi orúkọ wèrè mọ́ ìyá olóyè.

Àkọ́bíKétu

Mo ti kà á. Páálí tó yẹ kó tán ní ọjọ́ 3 sẹ́yìn, mo tú u sórí ẹní. Ẹyọ 30 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo rà á ní fámásí fúnra mi. Mo ka 19.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo tún un kà.

Nígbà tó dé láti oko, n kò lè pa á mọ́ra, mo bi í. Kò bínú. Ó ń tú gèlè rẹ̀, ó sì wí pé: “Ta ni mò ń tọ́jú ara yìí dè?”

Nọ́ọ̀sì_Plateau

Ọ̀nà kejì nìyẹn. Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi.

Nígbà tí ọkàn bá ti rẹ̀wẹ̀sì tán, òògùn ni ohun àkọ́kọ́ tó ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ ọ̀la lèèyàn ń lò ó fún, kì í mú ìrora kankan kúrò lónìí. Ẹni tí kò rí ọ̀la mọ́, kí ló fẹ́ lò ó fún? Àwa ẹ̀wẹ̀, a ó rí 18, a ó sọ pé òògùn yìí kò lágbára tó, a ó fi òmíràn kún un. Ẹ wò ó, wọ́n ti pààrọ̀ òògùn lẹ́ẹ̀mejì fún ìyá tí kò lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ rí i pé wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Kó jókòó ìṣẹ́jú 5 ná, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kó má sọ̀rọ̀. Kó ti tọ̀ kó tó jókòó. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ tí a há mọ́ra ń gbé e sókè.) Lẹ́ẹ̀mejì ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé aṣọ funfun wa yìí nìkan ti tó láti gbé tiwọn lọ sókè.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn (Kùtọnù, ọmọ Ṣábẹ)

Bàbá, ẹ fọwọ́ wọ́nú, n kò bá yín jiyàn pé kí ìyá má ronú. Ìbànújẹ́ kì í ṣe àìsàn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ká máa wò ni bó ṣe pẹ́ tó àti ohun tó gbà lọ́wọ́ èèyàn. Bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni, tí oorun lọ, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu, tí ohun tó ń mú inú ẹni dùn kò mú un dùn mọ́, èyí ti kúrò ní ìbànújẹ́ lásán. Ìsoríkọ́ la ń pè é. Ìyá tó kọ̀ láti yá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀já ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ti pé ó kan ọkàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní INTERHEART, ọdún 2004 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Orílẹ̀-èdè 52 ni wọ́n ti ṣe é, ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀. Wọ́n kó èèyàn 11,119 tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi wọ́n wé 13,648 tí kò bá. Àwọn tó ní wàhálà lọ́kàn nígbà gbogbo, yálà nílé tàbí níbi iṣẹ́, ewu tiwọn lé ní ìlọ́po 2 ti àwọn tí kò ní. Bí ó ti rí lára dúdú ló rí lára funfun, bó ti rí lára ọkùnrin ló rí lára obìnrin.

Ní Montreal ní 1993, wọ́n tọpa àwọn aláìsàn 222 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ọkàn. Láàárín oṣù 6, àwọn tí ìsoríkọ́ wà lára wọn ló kú jù. Ìgbà tó di 2014, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí wọ́n ka ìsoríkọ́ mọ́ ohun tó ń pa kún ewu ẹni tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ti bá.

Ọlọ́kadà_Àná (Ṣábẹ)

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ “ìrònú ni” yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Zem, ọ̀kadà akérò, ni mò ń gùn tẹ́lẹ̀. Ọdún tí mo pé 52, mo ń gbé àpò àgbàdo 2 lọ, nǹkan bá fún mi láyà bí ẹni tó ń fún aṣọ tútù. Ó gba apá òsì, ó dé àgbọ̀n. Òógùn tútù bò mí. Mo gbé ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó rí mi bi mí pé ṣé mo ní wàhálà nílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni kò ní? Ìyàwó mi àtàwọn ará ilé ń jà lórí ilẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní ìrònú ni, ó fún mi ní òògùn oorun, ó ní kí n máa lọ sílé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lẹ okùn mọ́ mi láyà, wọ́n ní ọkàn ló ti kọlù mí.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń kọ́ ara wọn ní “àròkàn, àròkàn” rọra. Tí àyà bá ń fún ẹni, tí kò lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí òógùn tútù ń bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọkàn tó ń lù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wo ti ìrònú.

Apá kejì ìtàn mi ni pé ìgbà tí mo délé ni ìsoríkọ́ tó wá. Wọ́n ní kí n má gbé ẹrù wúwo, kí n má ṣe sáré. Wọ́n kò sọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ta ọ̀kadà. Mo ń jókòó níwájú ilé láti àárọ̀, màá máa wo àwọn òkè Ṣábẹ yìí, bíi pé wọ́n ń bọ̀ wá wó lù mí. Ẹ̀rù ìyàwó mi ń bà mí, ẹ gbọ́ mi yé. Bí àyà bá lù péré, màá di ọwọ́ mú ọrùn ọwọ́ mi, màá máa kà á. N kò sọ fún dókítà, torí pé ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ wàhálà ilé lọ́jọ́ kìíní, ohun tí mo rí ni mo sọ fún yín yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Ohun tí ẹ sọ yìí ṣe kókó ju ìwádìí tí mo kó kalẹ̀ lọ. Nínú ẹni 5 tí ìkọlù ọkàn bá bá, bí ẹnì kan ni ìsoríkọ́ tó le ń bá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà náà kì í lọ síbì kan ṣoṣo, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ẹni tó rí yín lọ́jọ́ kìíní gbàgbé pé wàhálà ilé kì í lé ìkọlù ọkàn sẹ́yìn. Ẹni tó ní wàhálà gan-an ló yẹ kéèyàn fura sí. Ìkọlù ti obìnrin tún máa ń fara pa mọ́: ó lè jẹ́ èémí tó kúrú, èébì, àárẹ̀ tí kò nídìí. Wọ́n á ní ìyá yìí ti ronú jù.

Ìyá_Ìbejì_Àjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Mo gbọ́ pé ìbànújẹ́ lè ṣàdédé dá ọkàn dúró, pé àwọn Òyìnbó ní orúkọ fún un. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá àgbà tèmi kú ní ọjọ́ 8 lẹ́yìn bàbá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn

Ẹ kú ará fẹ́ra kù ti ìyá àgbà, Màmá. N kò lè sọ ohun tó mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà. Àwọn ará Japan ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1990, wọ́n sọ ọ́ ní Takotsubo. Ìkòkò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dẹ ẹranko omi ẹlẹ́sẹ̀ 8 kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé apá òsì ọkàn á wú nísàlẹ̀, á fún lókè bí ìkòkò yẹn. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró ló ń mú jù, lẹ́yìn òfò tàbí ẹ̀rù ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn kan kì í là á já.

Ọmọ_Onísègùn (Ìdígny)

Ẹ gbé màmá wá. Ewé wà. Tánsíọ̀n kì í ṣe bàbàrà.

Nọ́ọ̀sì_Plateau

Ọmọ bàbá mi, n kò bá yín jà, ìyá mi gan-an ń mu àgbo. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jù tiwa nù. Kí ẹni tó ń mu tiyín sì sọ fún wa, torí àwọn ewé kan wà tó ń lé omi jáde lára bíi ti òògùn tí a ń fún wọn. Tí méjèèjì bá pàdé, ìyá á ṣubú lọ́nà ilé ìwẹ̀.

Ọmọ_Onísègùn

Mo gbọ́. Bàbá mi náà máa ń bi wọ́n pé ta ló ń bí wọn nínú kó tó já ewé. Ẹ̀yin ni kì í bi wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Plateau

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni.

Bàbá_Wàndó

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 19 nínú 30 yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èdè kún un, òun ni mo mọ̀. Ọkàn tó ń lù láyà àti ọkàn tí a fi ń ronú, orúkọ kan la fún méjèèjì. “Ọkàn mi kò balẹ̀.” Èwo la ń sọ níbẹ̀? Ẹni tó gbọ́ kì í bèèrè, torí kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Faransé ló fún wọn lórúkọ méjì, ó wá kọ́ ilé méjì fún wọn, ó yan dókítà méjì, ó ya káàdì méjì. Aláìsàn kan ṣoṣo ló wá ń rìn láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wèrè tí mo sọ, n kò tíì gbé e sọnù. Èèyàn á rí màmá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ìròyìn á ti dé ọjà kó tó délé.

Ìyá_Ìbejì_Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Avrankou. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Saint-Camille ti Grégoire Ahongbonon ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ọmọ Benin ni, táyà ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Òun náà ti dé ibi tí ayé ti sú u rí, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Òun ló wá ń tú ṣẹkẹṣẹkẹ kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn tí wọ́n so mọ́ igi. Àbúrò ọkọ mi gba ìtọ́jú níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò sì sí ẹni tó ń pè é ní wèrè mọ́, àfi tó bá jẹ owó wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Màmá Kétu kò nílò Avrankou, kò nílò Jacquot, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Kùtọnù. Ibi tó ti ń gba òògùn ẹ̀jẹ̀ náà ni kí wọ́n ti bi í. Ta ló máa mọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ń sọ nìyẹn. Wọ́n gbé ètò mhGAP kalẹ̀ ní 2008, kí nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe oníṣègùn ọpọlọ lè tọ́jú ìsoríkọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré. Ti ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, HEARTS, dé ní 2016. Ìwé méjì, bí Bàbá ṣe wí. Yorùbá ti ṣe irú rẹ̀ rí o: ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ní Aro, l'Abẹ́òkúta, kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé àwọn ará abúlé, wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án.

Kí n sọ èyí tí kò dùn. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ENRICHD, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003: èèyàn 2,481 tí ìkọlù ọkàn bá, tí wọ́n sì soríkọ́ tàbí tí wọn kò lẹ́ni. Wọ́n bá ìdajì wọn jókòó sọ̀rọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìsoríkọ́ wọn dínkù ju ti ìdajì kejì lọ. Ikú kò dínkù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sísọ rọ́pò òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Òògùn ìsoríkọ́ náà, kí wọ́n yàn án. Amitriptyline ló pọ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré, kò sì bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ mu, ó lè da bí ó ṣe ń lù rú. Ní 2002, wọ́n dán sertraline wò lára irú wọn 369, kò pa ọkàn wọn lára. Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà, tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní ọ̀kankan, ẹ rí i pé wọ́n mọ̀ pé ọkàn ti kọlù yín rí.

Bàbá_Wàndó

Ó dára. Nọ́ọ̀sì, kí lẹ máa bi í gan-an? Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá kí n rí i.

Nọ́ọ̀sì_Plateau

Bàbá, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, Faransé ni. Ìbéèrè 9 ló wà níbẹ̀, 2 àkọ́kọ́ la fi ń ṣí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3. Tí méjèèjì bá pé 3, kéèyàn bi 7 tó kù. Mo kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà: “Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá, ṣé ẹ ti sọ ìrètí nù?” Ẹ wò ó, ìyá Mùsùlùmí wo, ìyá onígbàgbọ́ wo ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti sọ ìrètí nù? “Ọlọ́run ń bẹ” ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Màá kọ 0. Ìyá á dìde, á máa lọ, òun àti ẹrù rẹ̀.

Mo pa á tì. Báyìí ni mò ń bi wọ́n nísinsìnyí: “Màmá, kí ló máa ń dùn mọ́ yín? Ìgbà wo lẹ ṣe é kẹ́yìn?” Ìyẹn dípò ti ìkíní. Fún ti ìkejì: “Òru àná, aago mélòó lẹ jí? Nígbà tí ẹ jí, ibo lọ̀rọ̀ gbé yín lọ?” Wọn kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí àwọn gbóná, nǹkan ń rìn lára àwọn, àyà àwọn ń já. Ara ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́. Èmi ni kí n gbọ́ ọ.

Kò gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwáwí bẹ́ǹṣì tó kún. Mo ń fa ọ̀rọ̀ mi padà.

Alábòójútó

Ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹni tí ìrònú bá ti mú dé ibi tí ó ń rò pé kóun fọwọ́ ara òun pa ara òun, kí ó má dúró de èsì níbí. Kí ó sọ fún ẹnì kan nínú ilé lónìí, kí wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí náà, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bákan náà ni ẹni tí àyà ń fún. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ.

Ọlọ́kadà_Àná

Ìyàwó mi ka èyí lórí fóònù mi. Ó ní òun mọ̀ nípa ẹ̀rù yẹn látọjọ́ yìí, òun ń dúró kí n sọ ọ́ ni. A ń lọ rí dókítà lọ́jọ́bọ̀.

Àkọ́bíKétu, ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn náà

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Bí nǹkan ṣe lọ nìyí.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Kí wọ́n tó so nǹkan mọ́ ọn lápá, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbọ́ mi. Mo sọ ti Gabon, mo sọ ti 19. Ojú tì mí, torí mo rò pé màmá á bínú. Nọ́ọ̀sì náà gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bi í pé kí lorúkọ ọmọ náà. Bí màmá ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí ló bú sẹ́kún, ẹkún tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, àní nígbà tí bàbá wa kú. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó wọ̀n ọ́n: 17 lórí 10.

Wọn kò fi òògùn kún un, wọ́n dín in kù. Méjì ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan lóòjọ́, amlodipine. Àárọ̀ ló ń lò ó, kó tó jẹ ẹ̀kọ. Èmi ló ń fún un, mo sì ń dúró kó gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń lọ rí wọn, wọn kò tíì fún un ní òògùn ìsoríkọ́, wọ́n ní kí àwọn wo oṣù kan sí i ná. Àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Libreville ń bá wa wádìí. Kò tíì sí ìròyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, 15 lórí 9. Kò tíì tó. Ó sùn di aago 4 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí, fóònù sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí síbẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì yẹn máa ń bi òun lọ́rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wá tọrọ òun níyàwó.

Àná, mo dé láti ọjà, mo rí gbogbo ọ̀já rẹ̀ lórí okùn níta, pupa, aláró, èyí tó fi pọ̀n wá. Mo bi í pé ta ló wá yá a. Ó ní kò sẹ́ni tó wá, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́ nínú àpótí.